Ọdún Tí Bọ́ọ̀sì Ọ̀fẹ́ Gbé Wa Lọ sí Gálílì

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ jókòó. Ìwọ Títí, gbé fóònù náà súnmọ́ mi, ojú mi kò rí nǹkan kéékèèké mọ́. Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti rí i. Adágún ni. Mo rí bèbè tí wọ́n to òkúta funfun sí, mo rí àga onígi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé, mo sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba. Ẹ ní wọ́n ń pe gbogbo ènìyàn wá rìn yí adágún náà ká ní Mọ́ńdè Àjíǹde, pé bọ́ọ̀sì yóò gbé yín ní Ṣàgámù, yóò sì já yín sílẹ̀ lẹ́nu géètì gan-an. Ẹ wá ń bi èmi onílé yín pé ṣé mo mọ ibẹ̀.

Mo mọ ibẹ̀. Ibi tí ọmọkùnrin yẹn dúró sí tó ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń fọ obì.

Ọ̀rọ̀ rírìn yìí gan-an ló kọ́kọ́ ń rẹ̀ mí. Ẹ̀yin ń ra bàtà tí ẹ ó fi rìn, ẹ ń sanwó kí ẹ tó wọ ibi tí ẹ ó ti rìn, bí ẹ bá sì rìn tán, ẹ ó padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tiwa, bí àgbàlagbà bá ń rìn láìru nǹkan kan, tí kò sì ní ibi tó ń lọ, wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀. Àfi ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa la jọ ń ya wèrè pọ̀, a sì ń pè é ní Gálílì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ibòmíràn wá ka ìwé ní Ìlíṣàn lè má mọ̀ ọ́n. Bíbélì ní lẹ́yìn tí Olúwa jíǹde, ó ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì. Nítorí náà, bó bá di Mọ́ńdè Àjíǹde, ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Rẹ́mọ a jáde lọ bá a níbẹ̀. Àwọn kan ń bá a lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn kan ń bá a ní pápá ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ìjọ tiwa ní Ìkẹ́nnẹ́ ní omi, a sì ń fi í yangàn sí gbogbo ayé. Adágún Ẹ̀yìn-Igbó ni wọ́n ń pe omi náà. Kò tóbi tó òkun inú Bíbélì, ṣùgbọ́n ó tutù, ó dákẹ́, ó sì ti mú bàtà àlùfáà méjì lọ.

Bọ́ọ̀sì akérò là ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Láyé àwọn ológun yẹn, epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n ju ìwà rere lọ. Ẹni tó ní mọ́tò fi aṣọ bò ó sínú ọgbà bí òkú. Olùkọ́, àlùfáà, aránṣọ, gbogbo wa la há ara wa mọ́ inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìsarà, ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ wà lórí itan, epo rẹ̀ ń ta sí aṣọ funfun Àjíǹde. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ á rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, á máa ké pé, “Gálílì! Gálílì! Ó ku ẹnì kan! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o, Jésù ò mú ṣénjì dání!” Ìdí Òkìkà la ti ń sọ̀. Igi òkìkà kan ló wà níbẹ̀ tí èso rẹ̀ máa ń já lu orí ènìyàn láìbèèrè oyè tó jẹ. Láti ìdí igi náà ni ọ̀nà ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Á gba inú oko kòkó kọjá, á sọ̀ kalẹ̀ sétí omi, á wá bá omi yí lọ, yíyí tí kò kánjú, títí yóò fi dé orí àpáta pẹrẹsẹ kan. Orí àpáta yẹn ni a ti ń gbàdúrà, tí a ti ń jẹun, tí àwọn ọ̀dọ́ akọrin ti ń wo ara wọn lójú bí ẹni tí kò wo ara wọn.

Màámi kì í bá wa wọ bọ́ọ̀sì, nítorí òdìkejì adágún ni wọ́n ń gbé, níwájú àpáta náà díẹ̀. Bàbá mi ló gbin obì gbàǹja síbẹ̀. Ó kọ́ ilé alámọ̀ sáàárín obì náà, ó sì kú síbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo bẹ Màámi títí kí wọ́n wá máa bá mi gbé. Mo ń kọ́ni ní Ṣàgámù nígbà náà, mo gba yàrá méjì ní Ijoku, mo sì ti gboyè ní yunifásítì. Mo rò pé ó yẹ kí ìyá ẹni tó gboyè máa gbé níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣẹ́jú. Màámi ní, “Ìwọ lo kàwé, èmi kọ́. Ta ni yóò máa ṣa obì bàbá rẹ? Ṣé ìwé tí o kà ni?”

Mo ṣì ń gbọ́ ìró iṣẹ́ wọn nígbà mìíràn, bí ilé bá pa rọ́rọ́. Ìró ọ̀bẹ lára èèpo obì. Ìró obì nínú agbada omi, bí wọ́n bá rẹ ẹ́ kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bó. Wọ́n á fọ̀ ọ́ létí adágún, wọ́n á to ewé yí agbọ̀n ká, wọ́n á kó o sí i, wọ́n á gbé e karí. Wọ́n á wá bá omi yí títí dé Ìdí Òkìkà, kí bọ́ọ̀sì tó gbé wọn dé ọjà Ṣàgámù. Ilé wọn kò ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Lójú àwa ará ìjọ, ọ̀nà Gálílì ni. Lójú Màámi, ọ̀nà ilé ni.

Sátidé tó bá ṣáájú Àjíǹde la máa ń ro ọ̀nà náà. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ń ro ó. Àwọn tí wọ́n bí ní sáà kan náà ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n títí ikú. Rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ lójú ọ̀nà, láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì. Tọkùnrin tobìnrin á yọ àdá, wọ́n á sì máa bú ara wọn láti ìpín dé ìpín. “Ẹ wo ibi tí ẹ ro, bí orí ọmọ tí ìyá àgbà fárí rẹ̀ láìwọ awò!” “Tiyín ńkọ́? Ejò ti ra ilẹ̀ níbẹ̀, ó ti ń kọ́lé!” Kò sí ìwé kan níbikíbi tó sọ pé ìlú ló ni ọ̀nà náà. Àdá ni ìwé rẹ̀. Ọdọọdún là ń tún un kọ.

Ó ní òfin tirẹ̀. Ibì kan wà tí igbó àti omi fún ọ̀nà mọ́ra, tí ènìyàn méjì kò lè kọjá lára wọn. Yà-fún-mi la ń pè é. Ẹni tí kò ru nǹkan ni yóò yà fún ẹni tó rẹrù, ì báà ṣe ọba ni kò rẹrù. Ẹni tí kò rẹrù náà ni yóò sì kọ́kọ́ kí ènìyàn. Òfin kékeré yìí ló fa gbogbo ohun tí mò ń sọ bọ̀.

Bàbá Ìjọ kan wà nínú ìjọ wa. Ó yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ó ti lọ sí Jerúsálẹ́mù. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń kọ lẹ́tà méjì, J.P., sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ó kọ wọ́n sára géètì, ó kọ wọ́n sára Bíbélì, ó kọ wọ́n sára mọ́tò tí kò ní epo. Ní Gálílì ọdún kan, òun ló ṣáájú wa, agbádá funfun ń lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣàlàyé bí Gálílì gidi ṣe rí. A dé Yà-fún-mi. Màámi ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, agbọ̀n obì wà lórí wọn, ọrùn wọn le gbagidi.

Màámi ní, “Bàbá Ìjọ, ẹ yà fún mi o.”

Ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin ni kí ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìjọ Ọlọ́run ló ń kọjá.”

“Ìjọ Ọlọ́run rẹrù ni?”

 Obìnrin kan lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì yí i sí ikọ́. Ẹrù ń wọ Màámi lọ́rùn, wọn kò sì kúrò lójú kan. Nígbà tó pẹ́, Bàbá Ìjọ gbé ẹsẹ̀ kan sínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ gbé e dé orúnkún. Ó gbé èkejì sí i kó lè yọ ti àkọ́kọ́. Màámi kọjá, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, ẹ kú ọdún Àjíǹde.” Ọkùnrin mẹ́ta ló fa Bàbá Ìjọ jáde, bàtà rẹ̀ tó ti tẹ ilẹ̀ Jerúsálẹ́mù sì wà nísàlẹ̀ adágún yẹn títí di òní. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbádùn ọ̀nà ẹsẹ̀ mọ́.

Bó ti ń wá ohun tí yóò ṣe sí i ni Ọ̀túnba dé. Ọmọ ìlú ni, Èkó ló ti lówó, owó kí ni, kò yé ẹnikẹ́ni, nítorí náà a fi í joyè. Ó ra ilẹ̀ tó yí adágún náà ká lọ́wọ́ àwọn ẹbí tó ni ín, àfi oko obì tiwa, ó sì la títì láti ojú ọ̀nà ńlá dé ẹ̀yìn àpáta. Ó gbé géètì kan síbẹ̀ tó ga ju ilé ìjọsìn wa lọ. Nígbà tí Àjíǹde kù díẹ̀, ó ránṣẹ́ sí ìjọ. Ó ní òun yóò fi bọ́ọ̀sì gbé gbogbo wa lọ sí Gálílì lọ́fẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀sì tuntun tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Òun yóò pàgọ́ sí orí àpáta. Òun yóò se ìrẹsì, òun yóò pa màlúù.

Ìpàdé tí a ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́. Ẹnu ti ń da omi. Bàbá Ìjọ dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ará, èmi tí mo dé Gálílì gidi lè jẹ́rìí. Wọn kì í fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì amúlétutù ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn kiri. Ìlàjú ti dé bá wa, ẹ jẹ́ ká dìde kí i.” Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Màámi wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ní, “Ta ni yóò wá ro ọ̀nà?”

“Ọ̀nà wo, Ìyá? Ọdún yìí, wọ́n gbé wa pọ̀n ni!”

“Mo gbọ́. Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Kì í sì í mọ ibi tí wọ́n ń gbé òun lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Màámi máa ń pani lẹ́rìn-ín jù. Ìpàdé bá tú ká.

Ní Sátidé yẹn, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ṣàgámù, mo sọ̀ ní Ìdí Òkìkà, mo ń retí ariwo àdá. Ẹyẹ nìkan ló ń dún. Igbó ti gba ọ̀nà dé àyà. Mo ń fi ọwọ́ la koríko, mo ń sọ̀rọ̀ tí kò yẹ olùkọ́, títí mo fi gbọ́ àdá kan ṣoṣo níwájú. Mo yọ sí gbangba lójijì, bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn. Ìpín rẹ́gbẹ́ Màámi ni. Màámi nìkan ló ro ó, láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì, ó mọ́ bí àgbàlá. Níwájú rẹ̀, igbó. Lẹ́yìn rẹ̀, igbó. Ọ̀nà tí kò ti ibì kankan wá, tí kò sì lọ síbì kankan.

“Màámi, àwọn ẹgbẹ́ yín dà?”

“Wọ́n ń lọ aṣọ tí wọn yóò wọ̀ sínú bọ́ọ̀sì.”

“Kí ló dé tí ẹ̀yin nìkan wá ń ro ó?”

Wọ́n nu ojú, wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo obì tó ti ní kòkòrò nínú. “Ìpín wa ni. Bí kò bá mọ́, àwa ni wọ́n á bú.”

Mo gba àdá lọ́wọ́ wọn, mo gbìyànjú láti ro dé Yà-fún-mi. Ọwọ́ ìwé ni ọwọ́ mi. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mo ti ro ìwọ̀nba tí ewúrẹ́ lè dùbúlẹ̀ sí.

Ní Mọ́ńdè, Màámi kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n sọdá láàárọ̀ kùtù wá bá mi ní Ìdí Òkìkà, wọ́n ní láti ibẹ̀ ni Gálílì ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kò sì ní ti àárín bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èmi nìkan ló bá wọn rìn. Bí a ti ń ya igbó lọ, à ń gbọ́ àwọn bọ́ọ̀sì náà lójú títì tuntun, fèrèsé wọn tì pa, orin Àjíǹde ń dún nínú wọn bí orin àwọn tó wà nínú agolo. Nígbà tí a ó fi dé orí àpáta, aṣọ Màámi ti tutù dé ìbàdí, ẹ̀gún ti fa ẹ̀wù mi ya. Àwọn ènìyàn jókòó sábẹ́ àgọ́, wọ́n ń fi eyín wá ẹran inú egungun. Ẹnì kan ké láti ìdí ìkòkò pé, “Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀, ẹ pẹ́ jù! Jésù ti lọ!” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi há wọn lọ́fun. Kí n má parọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Màámi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kí gbogbo ènìyàn, wọ́n kí Ọ̀túnba lórí àga rẹ̀, wọ́n sì kọjá lọ sí ilé wọn láìjẹ nǹkan kan. Kí a tó túká, Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ lé géètì Ọ̀túnba, ó súre pé títì ayérayé ni kó jẹ́ fún wa. Gbogbo wa ṣe Àmín.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Bó ti di ọdún kejì, Ọ̀túnba kò rán bọ́ọ̀sì mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ajé le. Ìjọ rántí Ìdí Òkìkà. A sọ̀ ní bọ́ọ̀sì akérò, tìkòkò tìkòkò, a sì bá wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fà láti ìdí òkìkà náà lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, títí ojú kò fi tó o mọ́. Àwọn àgbà lọ bá Ọ̀túnba. Ó fi ọ̀wọ̀ gbà wọ́n, ó fún wọn lọ́tí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ọ̀nà wo lẹ ń wí? Géètì mi lẹ gbà wọlé lọ́dún tó kọjá. Gbogbo yín ló gbà á. Ẹ tún súre sí i. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò ro ó?” Bàbá Ìjọ wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé rárá, àfi obìnrin kan, wọn kò sì pe obìnrin náà dání.

Ìjọ kò kú sí i. A wá igi máńgòrò kan, a sì ń bá Jésù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi máńgòrò kì í ṣe ọ̀nà ilé. Mo bá Màámi lọ sẹ́nu géètì náà ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń ti ọjà bọ̀, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbà mọ́. Mẹ́gáàdì jáde wá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ló ń jẹ́.

“Ìyá, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Ta lẹ wá rí?”

“Ilé mi ni mò ń lọ.”

“Mo gbọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n ta lẹ wá rí níbẹ̀?”

Màámi sọ agbọ̀n òfìfo wọn kalẹ̀. Wọ́n wo géètì náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo rò pé wọn yóò bú ọmọ náà, mo sì ti ń wá gírámà tí n ó fi gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọn kò bú u. Wọ́n ní, “Kò sí ẹni tí mo wá rí. Mo ti rí gbogbo wọn tán.” Wọ́n yí padà, wọ́n ní kí n pe mọ́tò. Bí wọ́n ṣe kúrò lẹ́yìn omi nìyẹn. Obì bàbá mi ń já bọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wọn, títí wọ́n fi gé e láti gbin koríko tí ẹ rí nínú fóònù yẹn.

Ilé yìí ni mo ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà, nítorí gbogbo olùkọ́ tó bá lè ra búlọ́ọ̀kù ló ń kọ́ ilé tí yóò fi gba akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlíṣàn. Màámi bá mi wọ̀ ọ́. Wọn kò ṣàárẹ̀, wọn kò sunkún. Àfi pé bó bá ti di Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, wọ́n á yọ àdá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tí ẹ jókòó sí yìí, wọ́n á ro ilẹ̀ lọ dé géètì, wọ́n á ro ó jáde sójú pópó. Ní ọdún kan, wọ́n ro wọ inú òdòdó ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà lódìkejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà sáré jáde, ó ní, “Màmá! Kí lẹ ń ṣe sí òdòdó mi?” Màámi kò gbé orí sókè. Wọ́n ní, “Ọ̀nà ni. Ẹ yà fún mi.”

Ó yà fún wọn. Ẹni tó kàwé gan-an ni.

Ní ọdún tí Màámi papò dà, Sátidé náà bá mi nínú ilé, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí, lẹ́yìn náà mo mú àdá. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ro ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi kò gbà mọ́. Ní ọdún tó kọjá, àárín ọ̀nà ni mo jókòó sí, mo ń wo géètì.

Nítorí náà ẹ máa lọ. N kò ní kí ẹ má lọ. Omi náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó ṣì tutù, ó ṣì dákẹ́. Bí wọ́n bá bi yín lẹ́nu géètì pé ta lẹ wá rí, ẹ ní ilé Ìyá Olóbì lẹ ń lọ. Wọn kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà wí i.

Ṣùgbọ́n Sátidé ló ń ṣáájú Mọ́ńdè. Títí, wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn. Rárá, kì í ṣe ìgbálẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbé e wá síta níbí, kí n bá ọ fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ó ṣì mú.